Àwọn Ọmọ Tí Ìyá Àgbà Bẹ̀

Níbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ Ìyá Àgbà, nígbà tí Àlùfáà parí wáàsí, ó ní kí ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ láti sọ nípa olóògbé dìde kó sọ ọ́. Ọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe ní Adjamé ló kọ́kọ́ dìde. Ó ní ìyá yìí ló tọ́jú òun nígbà tí òun wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta, ó sì máa ń na òun. Ó ní nígbà tí òun ti dàgbà, tí òun ti ní ìyàwó nílé, ìyá náà wá òun dé ìsọ̀, ó kúnlẹ̀ sáàárín àwọn oníbàárà, ó bẹ òun. Obìnrin kan láti Boribana dìde tẹ̀ lé e, ohun kan náà ló sọ. Ẹnì kẹta ò lè parí ọ̀rọ̀ tirẹ̀, ẹkún gbà á lẹ́nu. Gbogbo èèyàn ń mi orí, wọ́n ń ṣe àmín. Èmi jókòó sẹ́yìn láàárín àwọn obìnrin, mo fi ìborùn bojú, wọ́n rò pé ẹkún ni mò ń sun. Inú ló ń bí mi.

Síkírá ni orúkọ mi. Ọmọ ọmọ rẹ̀ ni mí, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní Treichville nílùú Abidjan ni mo sì dàgbà sí, láti ìgbà tí mo ti pé ọmọ ọdún méjì tí ìyá mi fi mí sílẹ̀ lọ ta aṣọ ní Bouaké. Nínú gbogbo ọmọ tó gba abẹ́ ọwọ́ Ìyá Àgbà kọjá, kò sí ẹni tó jẹ pàṣán tó mi. Àwọn yòókù, bí ìyá wọn bá ti ọjà dé nírọ̀lẹ́, wọn á bá a lọ sílé. Èmi, ilé mi ni mo wà yẹn. Nígbà tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ àwọn ọmọ tó ti nà kiri, mo bẹ̀rẹ̀ sí í retí tèmi. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi retí rẹ̀.

Mi ò fẹ́ kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ o. Àwọn àgbà Ògbómọ̀ṣọ́ tó mọ ọdún tó wọ Abidjan, tó mọ ọkọ̀ tó gbé òun àti bàbá àgbà mi wá, wọ́n ṣì wà láyé, wọ́n sì fẹ́ràn àtimáa sọ ọ́. Èmi kàn fẹ́ sọ irú èèyàn tó jẹ́. Bóyá bí mo bá sọ ọ́ tán, inú mi á rọ̀.

Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pọ̀ àfi tó bá jẹ́ lórí ọmọ. Àgbàlá wa ní kànga kan láàárín, ìdérí irin rẹ̀ ti dípẹtà, yàrá mẹ́jọ ló yí i ká. Àwọn ìyá tó ń tajà nínú ọjà ńlá Treichville máa ń gbé ọmọ wọn wá fún un ní kùtùkùtù: Yorùbá, Jùlá, Mọ́sí, àwọn ará Gánà. Tantie Rabi ni gbogbo wọn ń pè é. Á tẹ́ ẹní méjì, á gbé ike omi síbẹ̀, á wá jókòó sórí àpótí, á dojú kọ kànga títí ìyá tó kẹ́yìn á fi wá gbé ọmọ rẹ̀. Kì í jókòó sórí àga tó ní ẹ̀yìn. Lọ́dún kan Alhaji onílé wa fún un ní àga onítìmùtìmù kan kó lè máa fi sinmi. Ó dúpẹ́, ó kúnlẹ̀, ó sì fi àga náà kó aṣọ lé. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní, "Ẹni tó bá fẹ̀yìn ti nǹkan á sùn. Bí mo bá sùn, ta ló máa wo kànga?"

Ìbéèrè ni tirẹ̀. Obìnrin tó bá ti ti ìlú mìíràn wá, Ìyá Àgbà ò ní jẹ́ kó lọ láìjẹ́ pé ó bi í bí wọ́n ṣe ń tọ́ ọmọ níbẹ̀. Ó lè lọ ra ẹja ní Port-Bouët lọ́wọ́ ìyàwó àwọn apẹja ará Gánà, kó lo wákàtí kan gbáko, kó padà wálé láìra ẹja. "Lọ́dọ̀ tiyín, bí ọmọ bá kọ oúnjẹ, kí lẹ ń ṣe? Ta ló ń kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ sísọ, ìyá ni àbí ẹ̀gbọ́n?" Lọ́wọ́ ìyá ará Màlì kan tó ń ta tùràrí ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi òrí wọ́ ara ọmọ ní oríkèé-ríkèé. Lọ́wọ́ àwọn ará Gánà ló ti kọ́ eré àtẹ́wọ́ tí ọmọ fi ń mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Ìyàwó ará Lẹ́bánónì kan tó ni ṣọ́ọ̀bù nítòsí ọjà sọ fún un pé ọmọ òun tí kò tíì pé ọdún kan ń dá sùn nínú yàrá tirẹ̀, wọn á sì pa ìlẹ̀kùn dé. Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín títí ó fi délé. Mo ní ṣé àwa náà máa ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Mò ń ṣà á ni, Síkírá. Bí ẹ̀wà ni. Ẹni tí kò bá ṣa òkúta inú rẹ̀, eyín rẹ̀ ló máa sọ fún un."

Ohun kan ṣoṣo tí mi ò gbọ́ kó bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ni ọ̀rọ̀ pàṣán. Ìyẹn ò nílò ìbéèrè lójú rẹ̀. Ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn ni pàṣán ń gbé, lórí ìṣó, ó sì ní orúkọ: Igbákejì. "Bí mo bá lọ kírun, Igbákejì mi wà ńlẹ̀," bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí, àwọn ìyá á sì bú sẹ́rìn-ín.

Mo tó ọmọ ọdún márùn-ún nígbà tí Alhaji onílé wọlé lọ́jọ́ kan, mo dúró lóòró, mo fi Faransé kí i, mo ní, "Bonjour, tonton." Mi ò kúnlẹ̀. Ìyá Àgbà bu omi fún Alhaji, ó bá a tàkúrọ̀sọ, ó sìn ín jáde, ó padà wá, ó ti ìlẹ̀kùn. Faransé ló fi máa ń ka ẹgba, nítorí inú ọjà ló ti kọ́ iye: un, deux, trois. Bí mo bá pariwo, á tún un bẹ̀rẹ̀ láti un. Lọ́dún tí mo wọ lékọ́ọ̀lù, madame tó ń kọ́ wa ní kí ẹni tó bá lè kà dé dix, ìyẹn ẹ̀wá, nawọ́ sókè. Èmi nìkan ni mo nawọ́. Mo kà á, mi ò ṣì níbì kankan, madame ní kí gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́ fún mi. Nígbà tí mo délé sọ fún Ìyá Àgbà, inú rẹ̀ dùn dọ́ba. Ó ní, "Ṣé o rí i? Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde."

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Ìkà kọ́. Lọ́dún tí ibà dá mi dùbúlẹ̀, mo ti tó ọmọ ọdún mẹ́wàá, ó pọ̀n mí lọ sí dispensaire, ilé ìwòsàn àdúgbò wa, nígbà tí kò rí takisí, ẹsẹ̀ mi méjèèjì ń wọ́ nílẹ̀. Ẹran tó bá wà nínú àwo rẹ̀, èmi ló ń jẹ ẹ́. Mo fẹ́ràn rẹ̀, ẹ̀rù rẹ̀ sì ń bà mí, méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, mi ò sì mọ̀ pé èèyàn lè ní ọ̀kan láìní èkejì.

Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìnlá, ìyá Jùlá kan tó ń ta àlùbọ́sà gbé ọmọ rẹ̀ wá. Súlè lorúkọ ọmọ náà, ọmọ ọdún mẹ́ta. Bí Súlè bá ti gbọ́ ìró bàtà Ìyá Àgbà báyìí, á tọ̀ sára. Ìyá Àgbà ní àìsàn ni. Ó wá àgbo fún un, ó ní kí ìyá rẹ̀ gbé e lọ síbi tí wọ́n á ti yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní kò sí ohun tó ṣe é. Ó wá ń nà án nítorí pé ó ń tọ̀, ọmọ sì ń tọ̀ nítorí pé ó ń nà án. Ó lé lọ́dún kan tí wọ́n fi wà bẹ́ẹ̀. Èmi rí i kedere, àmọ́ mi ò sọ. Ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún?

Àsìkò yẹn ni wọ́n pè é sí ìgbéyàwó ọmọ àbúrò rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Òun ni ẹ̀gbọ́n àgbà, òun ló yẹ kó fa ìyàwó lé ọkọ lọ́wọ́. Ó fi àwọn ọmọ sọ́wọ́ aládùúgbò wa kan, ó wọ bọ́ọ̀sì, ó gba ẹnubodè Nóé kọjá sí Gánà, ó sọ̀ sí Lomé lọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ obìnrin mìíràn tó ń gbé ibẹ̀ kó lè sun oorun ọjọ́ kan. Ọjọ́ mẹ́rìndínlógún ló sùn níbẹ̀. Ìgbéyàwó ṣe, ìgbéyàwó tán, wọn ò rí i. Títí tó fi kú, àwọn kan nílé ò dárí rẹ̀ jì í. Wọ́n ní wọ́n ti fún un ní nǹkan jẹ ní Lomé.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ilé àbúrò rẹ̀ kọjú sí jardin d'enfants kan, ilé ìwé àwọn ọmọ kéékèèké, èyí tí àwa níhìn-ín ń pè ní maternelle. Obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Dàví Afí ló ń kọ́ àwọn ọmọ ibẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, Ìyá Àgbà dúró nídìí ògiri kúkúrú, ó ń run orín, ó ń wò wọ́n. Ọmọ kan sáré kọjá, ó da korobá omi sórí ìwé tí Dàví kó sílẹ̀. Ìyá Àgbà yọ orín lẹ́nu. Ó fẹ́ wo ọwọ́ tí Dàví máa fi nà án, ọ̀tún ni àbí òsì. Ọmọ wo ìwé, ó wo omi, ó gbéra, ó sáré. Ìyá Àgbà rò pé ó ń sá lọ ni. Àṣé ọ̀dọ̀ Dàví ló ń sáré lọ. Ó fi orí sínú aṣọ rẹ̀, ó ń sunkún níbẹ̀. Dàví gbé ọwọ́ lé e lórí, ó fún un ní àkísà kan, ó mú ọ̀kan, àwọn méjèèjì jọ nu ìwé. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìyá Àgbà wọlé lọ bá obìnrin náà, ó fi Faransé ọjà bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun máa wòran. Wọ́n gbé àga àwọn ọmọ fún un. Ọjọ́ mẹ́rìndínlógún ló fi jókòó lórí àga yẹn, eékún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Mi ò mọ iye ìgbà tó sọ ìtàn yìí fún mi, ibì kan náà ló sì máa ń parí rẹ̀ sí. "Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń tọ́jú ọmọ, Síkírá. Kò sí èyí tó ṣẹ̀ tó sáré wá bá mi rí."

Ọjọ́bọ̀ ló padà dé Abidjan. Ní Jímọ̀ ó wẹ̀, ó wọ aṣọ àdúrà, ó ní kí àwọn ìyá tó bá wá gbé ọmọ ní ìrọ̀lẹ́ dúró dè òun díẹ̀. Wọ́n rò pé ó fẹ́ fún wọn ní ẹ̀bùn ìrìn àjò. Ó pe Súlè. Súlè gbọ́ ohùn rẹ̀, ó tọ̀ sílẹ̀ níbi tó dúró sí. Ìyá Àgbà rìn lọ bá a, ó kúnlẹ̀ sínú omi ìtọ̀ náà pẹ̀lú aṣọ Jímọ̀ rẹ̀. Ó ní, "Súlè, sábàrí," bí àwọn Jùlá ṣe máa ń sọ bí wọ́n bá ń bẹ èèyàn. "Mo nà ọ́. Kò dáa. Mi ò ní nà ọ́ mọ́."

Ẹni tó kọ́kọ́ ké ni Ìyá Kúdí, Yorùbá bíi tiwa, tó ń ta gèlè. "Yéè! Tantie, ẹ dìde! Ṣé ẹ fẹ́ gé ẹ̀mí ọmọ ọlọ́mọ kúrú ni? Àgbà ń kúnlẹ̀ fún ọmọdé? Ẹ wá gbà wá o!"

Ìyá Súlè ń fà á lápá. "Tantie, pardon, c'est bon, lève-toi, ẹ dìde. Kí ló ṣe yín?"

Ìyá Àgbà já apá rẹ̀ gbà. Ó ní, "Ọmọ yìí ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Kì í ṣe ẹ̀yin."

Súlè wò ó títí, ó wá fi ìka kan gèlè rẹ̀. Ìyá Àgbà sún lórí eékún lọ bá èyí tó kàn, títí ó fi bẹ àwọn mọ́kọ̀ọ̀kànlá. Èmi dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá wa. Mo ń kà wọ́n. Mo ń ro bí mo ṣe máa ṣe ojú mi tó bá yíjú sí mi, ṣé mo máa sunkún ni àbí mo máa dúró gbọn-in. Nígbà tó dé orí ìkọkànlá, ó fọwọ́ ti eékún, ó dìde, ó sì wò mí lóòótọ́. Ó ní, "Síkírá, gbé omi kaná."

Láti ọjọ́ náà kò nà mí mọ́. Ó ṣẹ́ Igbákejì sí mẹ́ta, ó fi dáná ọbẹ̀. Kò sì sọ nǹkankan fún mi.

Nígbà tó di Mọ́ńdè, ọmọ mẹ́rin péré ni wọ́n gbé wá. Ìyá Kúdí ti kéde káàkiri ọjà pé orí Tantie Rabi ti dàrú. Ó tún wá bá a nílé, torí ó fẹ́ràn rẹ̀, ó jókòó tì í, ó rọra sọ ọ́. "Tantie, ọmọ tí ẹnikẹ́ni ò nà, ṣé kì í ṣe òun ló máa gbó ìyá rẹ̀ lẹ́nu lọ́la? Tó máa ní 'je m'en fous', kò kan òun?" Mo rò pé Ìyá Àgbà á sọ ọgbọ́n tó kọ́ ní Lomé fún un. Ó ní, "Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Mi ò mọ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí mo mọ̀ tẹ́lẹ̀, mo ti rí ohun tó bí."

Ìyá Kúdí ò sì parọ́ tán. Fún bí oṣù mẹ́ta, àwọn ọmọ mẹ́rin yẹn fojú wa rí màbo. Wọ́n ń gé ara wọn jẹ, wọ́n ń da garí sínú kànga. Mo máa ń rí Ìyá Àgbà tó káwọ́ sẹ́yìn, tó fi ọwọ́ kan di èkejì mú. Á lọ sí cabine tẹlifóònù lẹ́bàá ọjà, á pe Lomé, á pariwo sínú rẹ̀ tí gbogbo àdúgbò á gbọ́: "Dàví! Wọ́n tún ti géra wọn jẹ! Kí ni kí n ṣe?" Á sì ṣe ohun tí Dàví bá sọ fún un. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Súlè fọ́ kọ́ọ̀bù tí Ìyá Àgbà fi ń mu Lipton, ó dúró, ó wo àfọ́kù, ó sì sáré wá dì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ìyá Àgbà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín àgbàlá, ó gbé ọmọ náà lé itan, ó ń sunkún bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú sílẹ̀ lẹ́wọ̀n. Àwọn ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá díẹ̀díẹ̀. Ìyá Kúdí ò padà.

Lẹ́yìn ìyẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọn àgbà. Gbogbo ọmọ tó ti nà rí, tí wọ́n ti di géńdé, tó bá ti gbọ́ ibi tí wọ́n wà, ó ní òun máa dé ọ̀dọ̀ wọn. Nítorí pé kò mọ̀wé kà, èmi ló ń mú dání. Ẹ wò ó o. Èmi ni mò ń bá a wá ọkọ̀ gbàkà tó ń lọ Adjamé, èmi ni mò ń bèèrè ilé, èmi ni mò ń gbé báàgì rẹ̀ dúró tí ó bá ń kúnlẹ̀ fún ẹlòmíràn. Bí a bá ń padà bọ̀, mo máa ń dákẹ́ kí n lè fún un láyè. Òun náà á dákẹ́.

Ní Boribana, létí ọ̀sà, a bá obìnrin kan tó ń dín ẹja, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀, òmíràn dúró tì í. Ìyá Àgbà kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tútù, ó sọ tirẹ̀. Obìnrin náà ò wẹ̀yìn, ó ń yí ẹja padà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí gbogbo rẹ̀ fi pọ́n. Ó wá ní, "Tantie, èmi náà ń na àwọn ọmọ mi. Bí ẹ ṣe ń kà á ni mo ṣe ń kà á." Ìyá Àgbà dìde, a lọ wọ ọkọ̀. Nígbà tí a dé orí afárá, ó ní, "Pàṣán mi ti bímọ síbi tí ẹsẹ̀ mi ò dé."

Mo kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ maternelle, wọ́n sì fi mí sí Port-Bouët. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí ìdí tí mo fi yan iṣẹ́ yìí, mo máa ń ní torí pé mo fẹ́ràn ọmọdé. Nígbà tó yá, wọ́n rán díẹ̀ nínú wa lọ sí Lomé fún ọ̀sẹ̀ méjì, ká lọ kẹ́kọ̀ọ́ pẹ̀lú àwọn olùkọ́ ọmọdé láti Tógò, Bẹ̀nẹ̀ àti Sẹ̀nẹ̀gà. Wọ́n kọ́ wa bí èèyàn ṣe ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ojú rẹ̀ àti ojú ọmọ lè ṣe déédéé kó tó bá a wí. Gbogbo wọn ń kọ ọ́ sílẹ̀. Èmi ò kọ nǹkankan, mo ti rí i nínú àgbàlá wa.

Mo wá Dàví Afí lọ. Ó ti darúgbó, ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n bí mo ti sọ Abidjan báyìí, ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Ìwọ ni ti ilé." Mo ní mi ò lóye. Ó ní ní ọjọ́ kẹta tí Ìyá Àgbà dé ọ̀dọ̀ òun ló ti bi òun pé, "Bí ẹni tí mo nà jù bá jẹ́ ọmọ ilé mi ńkọ́?" "Mo sọ fún un pé kó fi tìrẹ ṣe ìgbẹ̀yìn. Mo ní, ẹni tí kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń tọrọ àforíjì, kó má fi ti ilé kọ́ ọ. Ó máa bà á jẹ́."

Mo padà sí Abidjan pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yìí nínú mi. Ó kéré tán, mo ti mọ̀ pé mo wà lórí ìlà. Àmọ́ inú mi ò rọ̀. Nígbà tí mo bí ọmọbìnrin mi, tó di pé mo fẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́, ọ̀dọ̀ aládùúgbò kan ní Port-Bouët ni mo gbé e sí, mi ò gbé e lọ sí Treichville, níbi tí Ìyá Àgbà ṣì ń tẹ́ ẹní fún ọmọ gbogbo ayé. Mo purọ́ pé ọ̀nà jìn. Ó tẹ́tí sí mi títí mo fi parí. Ó ní, "Mo mọ ìdí rẹ̀."

Lọ́dún yìí ló wó lulẹ̀. Àárẹ̀ àgbà ni, kò jọ pé ibì kan pàtó ń dùn ún. Mo ń lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́ bí mo bá ti parí iṣẹ́. Ní ọ̀sán Àtàláátà kan, mo jókòó sẹ́sẹ̀ ibùsùn, mo gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lé itan mi, mò ń gé èékánná rẹ̀.

Ó ní, "Síkírá."

Mo ní, "Mà."

Ó ní, "Ó ku ẹnì kan."

Ọwọ́ mi dúró. Mo gbọ́ tó mí kanlẹ̀, mo rí i tó di etí ibùsùn mú, ẹni tí kò lè dá yí ara rẹ̀ padà láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó ń gbìyànjú láti sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀. Ó fẹ́ kúnlẹ̀. Ó ní, "Síkírá, jọ̀ọ́. Èmi ìyá rẹ, mo nà ọ́…"

"Háà! Èèwọ̀, Ìyá Àgbà! Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ mà! Kí lẹ ṣe? Ẹ ò ṣe mí ní nǹkankan!"

Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Mo ti dìde, mo ti gbá apá rẹ̀ méjèèjì mú, mo ti dá a padà sórí ìrọ̀rí, mo ti wà lórí eékún tèmi kí n tó mọ̀ pé mo ti lanu. Gbogbo Yorùbá tó bá ní ẹ̀kọ́ ilé ló mọ̀ ọ́n: bí àgbà bá ń bẹ̀ ọ́, o ò gbọdọ̀ jẹ́ kó bẹ̀ ọ́ dópin. Wàá dá a dúró, wàá kúnlẹ̀, wàá ní kò tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá dákẹ́ tó ń gbọ́ ọ, aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni. Ìyá Àgbà ló kọ́ mi, mo sì mọ bó ṣe kọ́ mi. Àwọn ọmọ Jùlá, ọmọ Mọ́sí, ọkùnrin onífóònù yẹn, gbogbo wọn dúró jẹ́ kó sọ ọ́. Èmi tí mo retí rẹ̀ jù, ẹ̀kọ́ tí mo gbà ò jẹ́.

Ó wò mí. Ojú rẹ̀ mọ́ kedere lọ́jọ́ náà. Ó ní, "Mi ò ṣe ọ́ ní nǹkankan?"

Mo ṣì lè yí i padà nígbà yẹn. Mo ní, "Ẹ ò ṣe mí ní nǹkankan, mà."

Ó gbé orí lé ìrọ̀rí. Ó ní, "Ó dáa. Gé ìyókù."

Mo sì gé e.

Ọjọ́ mẹ́rin ló lò sí i. Ojoojúmọ́ ni mo jókòó tì í tí mo ń retí pé kó tún un bẹ̀rẹ̀. Bóyá òun náà ń retí kí n sọ pé irọ́ ni mo pa. Mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń bá ọmọ ọdún mẹ́ta sọ òótọ́ ọ̀rọ̀, ìwé ẹ̀rí mi wà lára ògiri, ṣùgbọ́n mi ò mọ bí èèyàn ṣe ń sọ fún ìyá àgbà rẹ̀ tó ń kú lọ pé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bẹ̀ mí. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹrin, inú ọkọ̀ láti Port-Bouët ni mo wà nígbà tí wọ́n pè mí.

Nítorí náà, kì í ṣe òun ni inú ń bí mi sí níbi àdúrà yẹn, ara mi ni. Wọ́n ní kí ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ dìde, mi ò dìde. Ìyá Àgbà, mo purọ́ fún yín. Ẹ ṣe mí ní nǹkan. Ẹ nà mí, ó dùn mí, ó ṣì ń dùn mí títí di òní. Ẹ wá sọ ọ́ báyìí, mà. Mo ti dákẹ́.